Ẹ̀rí Kìíní

Èmi ni mo máa ń so nọ́ńbà mọ́ ẹ̀rí ní kóòtù Kábà:
àdá, fóònù tí ojú rẹ̀ fọ́, ìwé ilẹ̀ tí ikán ti jẹ létí.
Ọjọ́ tí Ìbíwùmí Ọbájẹmú ti Bùnú dé,
ọ̀kadà ló gbé e, eruku ọyẹ́ sì ti sọ irun rẹ̀ di ti arúgbó.
Apá òsì wà nínú sìmẹ́ǹtì funfun.
Lábẹ́ abíyá ọ̀tún, nínú ìró tó ká,
apása.

Igi dúdú, ó ń dán bí eyín àgbà tó ń jobì.
Ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi hun aṣọ pupa
tí wọ́n fi ń sin olóyè.
"Òun ló fi ṣẹ́ mi lápá," ó ní.
"Ohun tí mo fi ń jẹun ló fi nà mí."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ti ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni,
kó lọ fi omi gbígbóná jó o.
Àgbà ilé ti gbé obì dé lẹ́ẹ̀mẹta:
a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.
Ó bi wọ́n pé, "Ṣé ọ̀rẹ́ la ń ṣe tẹ́lẹ̀?"

Lọ́yà Ẹniọlá fa àga sún mọ́ ọn.
"Ti ìjọba lọ́tọ̀, tìẹ lọ́tọ̀.
Ìjọba lè tì í mọ́lé kó má fún ọ ní kọ́bọ̀.
Àwa á béèrè pé kó jìnnà sí ọ,
kó sì san ohun tó bàjẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń kà á:
owó fọ́tò eegun, owó ọ̀kadà,
òfì tó wó, oṣù mẹ́rin láìhun,
aṣọ ìyàwó kan tí olówó ti gba owó rẹ̀ padà.
"Ó kù?" ni Lọ́yà wí.
Ó pẹ́ kó tó dáhùn.
"Ẹ kọ oorun sí i."

Mo wo Lọ́yà. Lọ́yà wo àjà.
Mo tẹ "ìrora ọkàn", nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin ń pè é.
Ó ní kí n kà á sétí òun. Mo kà á.
Ó ní, "Oorun ni mo wí."
Mo pa á rẹ́. Mo tẹ oorun.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, lọ́yà ọkùnrin náà gbé igi náà sókè:
"Ṣé kì í ṣe igi ìhunṣọ lásán lèyí?"
Ìbíwùmí na ọwọ́, ó gbà á,
ó fi lu afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì.
"Báyìí la ṣe ń lò ó.
Ó máa ń wálẹ̀ sórí òwú ni.
Láyé mi, n kò rí i kó gòkè rí
àfi lálẹ́ ọjọ́ yẹn."
Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, kò tètè fi padà.

Wọ́n fún un níwèé ààbò. Wọ́n bu owó fún un,
ìgbà mẹ́ta ni ọkùnrin náà yóò fi san án.
Àkọ́kọ́ dé lójọ́ pípé.
Èkejì pẹ́ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀.
Ẹ̀kẹta, mo ṣì ń ṣí ìwé wò ní gbogbo ọjọ́ Ajé.
Ìwé kì í ṣe ògiri, èmi náà mọ̀.
Ṣùgbọ́n ó ní nígbà tí ọkùnrin náà dé etí ọgbà,
òun kò sá wọlé.
Òun gbé ìwé sókè, òun sì pariwo pe aládùúgbò
tí kò ríran rí.
Wọ́n jáde.

Nígbà tó wá gba ẹ̀rí rẹ̀ padà,
mo mú sísọ́ọ̀sì kí n fi gé okùn nọ́ńbà náà.
Ó di ọwọ́ mi mú: "Fi sílẹ̀."

Tóo bá gba Bùnú kọjá kí oòrùn tó mú,
dúró díẹ̀. Wàá gbọ́ ọ, pàá, pàá,
ó ń wálẹ̀ sórí òwú,
tòun ti nọ́ńbà mi lọ́rùn.